Búrẹ́dì wíìtì kì í pẹ́ nílé wa l'Ábújá: ṣé inú fíríìjì ni àbí orí tábìlì?

Àdùkẹ́_Lugbe
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ búrẹ́dì ni mo gbé wá. Màmá mi ti Ìsẹ́yìn wá bá wa gbé ní Lugbe, dókítà sì ti ní kí wọ́n dín búrẹ́dì funfun kù nítorí ìtọ̀ ṣúgà, torí ẹ̀ wíìtì nìkan la ń rà báyìí, èyí tí wọ́n ti gé sínú ọ̀rá. Màmá kì í jẹ ju ègé méjì lọ láàárọ̀, àwọn ọmọ ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá, wọ́n ní ó ń ha àwọn lọ́fun, èmi àti bàbá wọn la máa ń bá màmá jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ká tó jẹ ẹ́ dé ààbọ̀, ó ti bu. Òjò oṣù kẹjọ yìí tún wá burú jù, mo tú ọ̀rá láàárọ̀ yìí, mo rí àwọ̀ ewé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí tí mo gbé sí fíríìjì ṣáájú ẹ̀ ò bu lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gan, tí mo bá ní kí n fi bọ́tà pa á, wẹ́wẹ́ ló ń já sí mi lọ́wọ́. Owó ẹ̀ sì ju ti funfun lọ. Báwo lẹ̀yin ṣe ń tọ́jú tiyín? Iná tiwa ń wá, ó ń lọ o, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

BàbáÌbejì_Nyanya
Fíríìjì ni kẹ̀! Èmi kì í fi búrẹ́dì síta ní Nyanya yìí, pẹ̀lú ooru tó wà ńbí, aáyán ńkọ́, èèrà ńkọ́. Láti ọwọ́ mai burodi, inú fíríìjì tààrà. Tó bá gan, ẹ yan án. Ó tán.

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú sí mi o, mi ò bá yín lọ níbi fíríìjì yẹn. Búrẹ́dì ni mò ń yan tà ní Kubwa, wíìtì sì wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn kọ́sítọ́mà mi ni pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń ṣe búrẹ́dì: ó ń bu, ó sì ń gan. Bíbu, omi àti ooru ló ń fà á, pẹ̀lú nǹkan tín-ín-tìn-ín inú afẹ́fẹ́ tó ń bà lé e lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú oven. Gígan ní tiẹ̀, inú búrẹ́dì fúnra ẹ̀ ló ti ń wá, ẹ lè so ọ̀rá ẹ̀ pinpin kí omi kankan má jáde, á ṣì gan. Fíríìjì máa fa bíbu sẹ́yìn, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni búrẹ́dì ti ń yára gan jù lọ. Ìdí tí ti Àdùkẹ́ fi ń já wẹ́wẹ́ nìyẹn.

Bí èmi ṣe ń ṣe é: èyí tí a máa jẹ tán láàárín ọjọ́ méjì, nínú ọ̀rá ẹ̀, ní ibi tútù tí oòrùn ò dé, kó jìnnà sí sítóòfù. Ìyókù, inú fìríísà, lọ́jọ́ tí ẹ rà á gan-an o! Àwọn èèyàn máa ń dúró títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ kí wọ́n tó gbé e wọ fìríísà. Bó ṣe wọlé ló máa ṣe jáde, tó bá wọlé ní gígan, gígan náà lẹ máa bá.

Tí ẹ bá sì rà á ní gbígbóná lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ẹnu ọ̀rá. Ẹ wo inú ọ̀rá yẹn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ máa rí i tó ti làágùn, omi á máa sun wá sílẹ̀, á bọ́ sórí èèpo búrẹ́dì, ibi tí omi yẹn bà lé ni bíbu ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fọwọ́ kan ìdí ẹ̀ láàárín, ibẹ̀ ló ń tutù gbẹ̀yìn. Tó bá ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó wà lórí nǹkan tí afẹ́fẹ́ ti ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé, tó bá tutù tán ni kẹ́ ẹ wá dì í.

Àdùkẹ́_Lugbe
Ha, ẹ ṣé gan-an ni. Ṣùgbọ́n ó rú mi lójú. Tó bá jẹ́ pé otútù fíríìjì ló ń mú un gan, ṣé fìríísà tó tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ ò ní sọ ọ́ di òkúta ni?

Kúnlé_Zaria
Ìbéèrè tó dáa nìyẹn, ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí ìmọ̀ oúnjẹ ni mo kà ní Zaria.

Nígbà tí búrẹ́dì wà nínú oven, sítáṣì inú fúláwà máa mu omi, á wú, á rọ̀. Bó ṣe jáde tó ń tutù báyìí, sítáṣì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà lọ sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, á máa tò mọ́ra, á máa le, á sì máa ti omi tó mu jáde. Ohun tó ń ṣe ẹ̀bà àná náà nìyẹn, omi ò gbẹ tán lára ẹ̀ àmọ́ ó ti le. Ìtò yẹn máa ń yára jù lọ ní ibi tó tutù tí kò tíì dì, bíi 4°C tí fíríìjì ilé wa sábà máa ń wà. Tí ẹ bá wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ dé -18°C nínú fìríísà tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, omi inú ẹ̀ ti di yìnyín, sítáṣì ò ráyè rìn mọ́, ó dúró síbi tó wà. Ó kàn jẹ́ pé ó gbọ́dọ̀ gba àárín otútù yẹn kọjá kíá ni. Ẹ má ju odidi lóòfù sínú fìríísà, ẹ dì í ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ kó lè tètè dì.

Ohun tó tún yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé tí búrẹ́dì tó ti gan bá gbóná kọjá nǹkan bíi 60°C, sítáṣì yẹn á tún rọ̀ padà. Ìdí tí yíyan tí Bàbá Ìbejì sọ fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Àmọ́ ẹ jẹ ẹ́ ní gbígbóná, torí tó bá tutù lẹ́ẹ̀kejì, á tún le.

Wíìtì wá ní wàhálà tiẹ̀. Fúláwà funfun, wọ́n ti bó èérí, ìyẹn èèpo ara hóró, àti ojú hóró tó máa ń hù kúrò lára àlìkámà kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ti wíìtì gidi, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Èérí máa ń mu omi púpọ̀, búrẹ́dì ẹ̀ á tutù nínú, èyí sì dùn mọ́ ohun tó ń mú nǹkan bu. Epo sì wà nínú ojú hóró yẹn, tó bá pẹ́ jù á máa kíkan, ẹ máa gbọ́ ọ lẹ́nu kí ẹ tó gbọ́ ọ nímú. Nínú fìríísà náà, mi ò ní jẹ́ kí wíìtì kọjá oṣù mẹ́ta, kì í ṣe pé ó máa pa èèyàn lára o, adùn ẹ̀ ló máa lọ.

BàbáÌbejì_Nyanya
Kúnlé, mo gbọ́ o, o ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ máa rántí àwa tí fíríìjì wa ò ju ti yàrá kan lọ, ihò kékeré tó wà lókè ẹ̀ yẹn, omi ló ń mú un di yìnyín, kò lè gba búrẹ́dì. Nínú òjò yìí, kí n gbé e sórí tábìlì kó bu, kí n dà á nù, kí n tún lọ ra òmíràn? Owó tí búrẹ́dì wà báyìí! Èyí tó gan, mo ṣì lè jẹ ẹ́. Èyí tó bu ńkọ́?

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Bàbá, ibi tẹ́ ẹ bá a dé yẹn, òótọ́ ni, mo gbà. Ẹni tí ò ní fìríísà, tí búrẹ́dì ẹ̀ máa kọjá ọjọ́ méjì nígbà òjò, kó gbé e sí fíríìjì, ó sàn ju ààtàn lọ. Kó ṣáà mọ̀ pé gbogbo ègé tó bá mú jáde gbọ́dọ̀ kan iná kó tó kan ẹnu. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀rá méjì dì í, torí búrẹ́dì máa ń gba òórùn. Tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọbẹ̀ ẹja, ẹja lẹ máa fi mu tíì láàárọ̀.

AlhajaMóríyà_Kaduna
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Òjò lẹ̀ ń sọ, àwa tó ti pẹ́ l'ókè ọya mọ̀ pé ọyẹ́ náà ní ti ẹ̀. Ní Kaduna níbí láti bíi oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì, búrẹ́dì ò mọ̀ ọ́n bu, gbígbẹ ló ń gbẹ. Ẹ gé e sórí àwo, kí ẹ tó bu omi sínú tíì tán, etí ẹ̀ ti ká sókè. Ọ̀nà tá a gbà ń tọ́jú ẹ̀ lásìkò ọyẹ́ ò gbọdọ̀ jọ ti òjò. Lásìkò ọyẹ́, pépà ò dáa fún un, pépà á mu gbogbo omi ara ẹ̀. Ọ̀rá ni, kí ọ̀rá tún wọ inú ike tó ní ìdérí tó dé pa. Lásìkò òjò, mo máa ń fi aṣọ ìnuwọ́ tó mọ́ tó gbẹ wé e nínú ike, kí aṣọ máa mu ọ̀rinrin inú ẹ̀. Ẹ pààrọ̀ aṣọ náà lójoojúmọ́, ẹ sá a sóòrùn tí oòrùn bá yọ, aṣọ tútù ló ń ba nǹkan jẹ́.

Èyí tó bá ti gan, ẹ má yan án ní àyangbẹ bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń ṣe, àgbàlagbà ò ní eyín ìyẹn. Ẹ gbé páànù tó nípọn kaná, iná jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ má fi òróró sí i. Ẹ ki ìka bọ omi, ẹ wọ́n ọn sára búrẹ́dì tín-ín-tín, ẹ tò ó sí páànù, ẹ dé e. Ooru inú ẹ̀ ló máa rọ̀ ọ́. Kò ní pẹ́ rárá, ẹ dúró tì í. Tó bá jẹ́ odidi tí wọn ò gé ni, ẹ fi ọwọ́ tútù pa èèpo ẹ̀ yíká, ẹ gbé e sínú oven tó ti gbóná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màmá Àdùkẹ́ á gbádùn ẹ̀, ẹ bá mi kí wọn.

Tọ́ba_Mararaba
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Èmi ò ní fíríìjì rárá, ká má tiẹ̀ sọ fìríísà. Yàrá kan ni mo ń gbé ní Mararaba, páànù ló wà lókè, tó bá di ọ̀sán yàrá náà gbóná gan-an ni. Síbẹ̀ wíìtì ni mo fẹ́ máa jẹ torí ó máa ń dúró sí mi níkùn tí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́. Èmi nìkan ò lè jẹ odidi kan tán. Kí ni kí n ṣe?

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Tọ́ba, ti ẹ tiẹ̀ rọrùn. Àkọ́kọ́, má ra èyí tí wọ́n ti gé. Èyí tí wọ́n gé, gbogbo ojú ègé ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti ọwọ́ àti ẹ̀rọ ìgé ti kàn, odidi ní tiẹ̀, èèpo ẹ̀ ló ń bò ó. Tó o bá fẹ́ jẹ, má bẹ̀rẹ̀ látorí. Gé e ní àárín sí méjì, mú ègé tó o fẹ́ jẹ láti àárín yẹn, kó o wá gbé apá méjèèjì pàdé, ojú sí ojú, kó o tẹ̀ wọ́n mọ́ra kó o tó fi ọ̀rá dì í. Inú rírọ̀ ẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́, èèpo nìkan ló máa wà níta. Àwọn tó ń gé látorí, ojú gígé ẹ̀ ló ń là sílẹ̀ lójoojúmọ́.

Ọ̀bẹ tó gbẹ ni kó o lò, ọwọ́ tó gbẹ pẹ̀lú. Ègé tó o bá ti mú jáde, má dá a padà sínú ọ̀rá. Má gbé e sórí fíríìjì ẹnikẹ́ni tàbí ẹ̀bá gáàsì, orí fíríìjì máa ń gbóná ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Wá igun tó tutù jù nínú yàrá, nílẹ̀ lórí nǹkan, kì í ṣe lókè, torí ooru páànù òkè ló kọ́kọ́ ń bà. Àti pé ọ̀pọ̀ wa tó ń yan búrẹ́dì máa ń ṣe kékeré, bi oníbúrẹ́dì àdúgbò ẹ. Tí kò bá sí, wá ẹni tẹ́ ẹ máa jọ pín in.

Àdùkẹ́_Lugbe
Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ gbọ́ èyí kíákíá. Màmá ò jẹ́ kí n da èyí tó bu yẹn nù. Wọ́n ní kí n gé ibi tó ní àwọ̀ ewé kúrò, kí n yan ìyókù, pé láyé tàwọn bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe ń ṣe é. Kí ni kí n sọ fún wọn?

Kúnlé_Zaria
Ẹ kí màmá fún wa. Ìkẹ́ oúnjẹ ni wọ́n ń kẹ́ yẹn, ó dáa, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n jẹ ẹ́ o. Búrẹ́dì jẹ́ nǹkan rírọ̀. Àwọ̀ ewé tẹ́ ẹ rí yẹn, òkè ẹ̀ nìyẹn, okùn ẹ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ò lè rí ti wọ inú lọ jìnnà kí àwọ̀ ẹ̀ tó hàn síta. Iná lè pa ohun tó ń bu náà, ṣùgbọ́n òmíràn nínú wọn máa ń tu májèlé sílẹ̀, iná tí a fi ń yan búrẹ́dì ò sì lè mú ìyẹn kúrò. Àgbàlagbà tó tún ní ìtọ̀ ṣúgà, kò yẹ ká fi ara wọn dán an wò.

Ẹ má gbé e sí imú gbóòórùn ẹ̀, torí ohun tó ń fò lára ẹ̀ máa ń wọ àyà, ẹni tó bá ní àsímà lè bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ègé tó bá a wà nínú ọ̀rá yẹn ló ń lọ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ rí nìkan. Ẹ so ọ̀rá náà pa kẹ́ ẹ tó gbé e dànù. Ike tí ẹ ń kó búrẹ́dì sí, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi fínígà nù ún, ẹ gbé e sóòrùn kó gbẹ kanrin-kanrin kí tuntun tó wọ ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kó búrẹ́dì tuntun sínú ike tí èyí tó bu ti jáde, òun ló ń jẹ́ kó máa yára bu lemọ́lemọ́.

AlhajaMóríyà_Kaduna
Àdùkẹ́, sọ fún màmá pé èmi Alhaja tá a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ni mo ní kí wọ́n gbé e jùnù. Wọ́n á gbọ́.

Àdùkẹ́_Lugbe
Ẹ ṣeun mà. Mo ti kà á sí wọn létí, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa.

OlùkọTàwa_Kano
Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ní èyí tó jọ ọ́ àmọ́ kò bu. Kano ni mo wà. Nígbà ooru, bíi oṣù kẹta sí oṣù kẹrin tí ojú ọjọ́ máa ń gbóná kọjá 40°C, mo ra wíìtì, òde ẹ̀ mọ́ tónítóní, kò sí àwọ̀ kankan. Mo bù ú sí méjì, àárín ẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ìka, ó ń fà ní okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń run òórùn ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ti pọ́n jù. Àwọn ọmọ ní ó dùn lóòórùn. Mo dà á nù ṣá. Kí ni nǹkan yẹn?

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Olùkọ́ mi, ẹ ṣe dáadáa tẹ́ ẹ dà á nù! Ohun tí gbogbo oníbúrẹ́dì ń bẹ̀rù nìyẹn, àwa nínú iṣẹ́ ń pè é ní "rope" nítorí okùn tẹ́ ẹ rí yẹn. Kúnlé á lè ṣàlàyé kòkòrò ẹ̀ jù mí lọ. Èyí tí mo mọ̀ ni pé láti ọ̀dọ̀ oníbúrẹ́dì ló ti wá, kì í ṣe bẹ́ ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀ nìkan. Ẹ padà lọ sọ fún un, kẹ́ ẹ sọ ọ́ ní sùúrù, torí tó bá ti wà nínú ilé ìyanbúrẹ́dì kan á máa padà wá títí tí wọ́n á fi fi fínígà fọ gbogbo tábìlì àti agolo ìyanbúrẹ́dì. Èmi máa ń fi fínígà díẹ̀ sínú ìyẹ̀fun wíìtì tí mo pò lásìkò ooru, ẹnu ò ní gbọ́ ọ, kòkòrò yẹn ò sì fẹ́ ibi kíkan. Mi ò tún jẹ́ kí búrẹ́dì tò léra wọn nígbà tí wọ́n ṣì gbóná, ibi tí ooru bá há mọ́ ni nǹkan yẹn ti ń jí.

Kúnlé_Zaria
Kòkòrò tín-ín-tìn-ín tí ojú ò lè rí ni, Bacillus subtilis ni orúkọ ẹ̀ nínú ìwé. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó sì máa ń bá èérí àlìkámà wálé, ìdí tí ó fi ń ṣe wíìtì ju funfun lọ nìyẹn. Èèpo búrẹ́dì lè gbóná gan-an nínú oven àmọ́ àárín ẹ̀ kì í kọjá 100°C, irúgbìn kòkòrò yìí sì lè yè é. Tó bá wá jáde sínú ooru Kano, ó dé ilé ẹ̀. Fìríísà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ rà á lásìkò ooru o, Olùkọ́, ẹ má jẹ́ kó sùn sórí tábìlì.

BàbáÌbejì_Nyanya
Ẹ dárúkọ kòkòrò, ẹ jẹ́ kí n béèrè èyí. Àwọn búrẹ́dì kan wà tí wọn kì í bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ odindi. Ṣé bromate tí ìjọba ní kí wọ́n má lò mọ́ ni wọ́n ń fi sí i?

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Rárá bàbá, àwọn èèyàn máa ń dà á pọ̀. Bromate, kí búrẹ́dì lè wú kó ga ni wọ́n ń fi í ṣe, kì í ṣe kó má bàjẹ́. NAFDAC ti fòfin dè é, kò sì yẹ kó wà nínú búrẹ́dì kankan. Èyí tó ń jẹ́ kó pẹ́ ni calcium propionate, ìyẹn bófin mu, ẹ máa rí i lára ọ̀rá tẹ́ ẹ bá kà á. Ó ń dènà bíbu, ó sì ń dènà "rope" yẹn náà. Tiwa tí a kì í fi sí i, kò ní pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá rà á kó mọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti ń ka ara ọ̀rá, Àdùkẹ́, ẹ yẹ ti màmá wò. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ whole wheat flour. Tó bá jẹ́ wheat flour lásán ni wọ́n kọ síwájú, funfun náà ni, wọ́n lè ti po nǹkan aláwọ̀ búráùn mọ́ ọn. Ẹ tún wo ṣúgà. Èyí tó bá jẹ́ gidi máa ń wúwo lọ́wọ́, ẹ máa rí èérí ẹ̀ tó-tò-tó nínú ègé. Torí ìlera màmá ni ẹ ṣe ń náwó yẹn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwọ̀ tà á fún yín.

Àdùkẹ́_Lugbe
Mo sáré lọ wò ó. Whole wheat ló kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

AlhajaMóríyà_Kaduna
Kúnlé ọmọ mi, èmi máa ń ra àlìkámà odidi lọ́jà, tí wọ́n bá ti kórè tuntun láti Kano àti Jigawa, mo máa ń gbé e lọ lọ̀, mo fi ń ṣe tuwo, mo fi ń yan búrẹ́dì nígbà míràn. Tó bá pẹ́ nínú garawa, ìyẹ̀fun yẹn máa ń kan díẹ̀ lẹ́nu. Ṣé omi ló wọ̀ ọ́ ni?

Kúnlé_Zaria
Kì í ṣe omi mà, epo inú ojú hóró tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni. Níwọ̀n ìgbà tí hóró bá wà ní odidi, epo yẹn ń bẹ níbi ààbò. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ̀ ọ́ ni afẹ́fẹ́ kàn án. Ẹ tọ́jú àlìkámà yín ní odidi, kó gbẹ, nínú nǹkan tí kòkòrò ò lè wọ̀, kẹ́ ẹ máa lọ èyí tẹ́ ẹ máa lò láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ti lọ púpọ̀, inú fìríísà ni kí ìyẹ̀fun wà, nínú nǹkan tó dé pa. Ìyẹ̀fun tó ti kan, búrẹ́dì tó bá ti ara ẹ̀ jáde ò ní dùn láti ọjọ́ kìíní, kò sí ìtọ́jú tó lè tún un ṣe.

AlhajaMóríyà_Kaduna
Ó yé mi. Ẹ sì má gbàgbé pé búrẹ́dì tó ti gan kì í ṣe ohun àsọnù. Àwọn aládùúgbò wa ará Kano máa ń gé gurasa, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn, wọ́n á wọ́n omi díẹ̀ sí i, wọ́n á wá fi kúlíkúlí lílọ̀, òróró, àlùbọ́sà àti tòmátì pò ó. Mo ti fi wíìtì tó gan ṣe irú ẹ̀, ilé wa jẹ ẹ́ tán.

Àdùkẹ́_Lugbe
Èyí ó kẹ́yìn lọ́wọ́ mi. Mo ti gbà láti máa lo fìríísà, àmọ́ iná ńkọ́? Nígbà míì wọ́n á mú un láàárọ̀, ilẹ̀ á fi ṣú.

Kúnlé_Zaria
Fìríísà tó kún, tí ẹ ò ṣí i, lè gbé otútù ẹ̀ dúró fún bíi wákàtí 48. Èyí tó kún dé ààbọ̀, bíi wákàtí 24. Ẹ wá fi píọ̀ wọ́tà kún gbogbo àyè tó ṣófo, tí iná bá lọ, yìnyín yẹn ló máa bá yín tọ́jú ìyókù. Kí àwọn ọmọ má ṣí i lemọ́lemọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan ti yọ́ nígbà tí ẹ ò sí nílé, ẹ gbé ife omi síbẹ̀ kó dì, ẹ fi kọ́bọ̀ àtijọ́ kan sórí yìnyín náà. Ẹ dé, ẹ bá kọ́bọ̀ nísàlẹ̀ ife, ó ti yọ́, ó tún dì. Búrẹ́dì ò dà bí ẹran tàbí ẹja, tó bá yọ́ kò ní ṣe yín ní ibi tí kò bá tíì bu, àmọ́ ẹ má tún dá a padà sínú yìnyín, gbígbẹ ló máa gbẹ sí i. Ẹ yan án kẹ́ ẹ jẹ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

ṢadéOníbúrẹ́dì_Kubwa
Bó o ṣe máa dì í nìyí, Àdùkẹ́. Ègé méjì-méjì tí màmá ń jẹ, dì í lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọ̀rá kékeré, fi pépà ìyanbúrẹ́dì sáàárín kí wọ́n má lẹ̀ mọ́ra. Tẹ afẹ́fẹ́ jáde lára ẹ̀ dáadáa kó o tó so ó, afẹ́fẹ́ tó kù síbẹ̀ ló ń di yìnyín funfun wínníwínní sára búrẹ́dì, omi inú búrẹ́dì náà nìyẹn tó ti jáde. Kó wọn sínú ọ̀rá ńlá kan, kọ ọjọ́ sí i.

Láàárọ̀, mú ìdì kan jáde, kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Tó bá jẹ́ páànù Alhaja ni, gbé e lé e bó ṣe dì yẹn, kò nílò kó yọ́. Tó bá sì jẹ́ rírọ̀ ni màmá fẹ́ ẹ láìyan, mú un síta lálẹ́ àmọ́ má tú ọ̀rá ẹ̀ o, jẹ́ kó yọ́ nínú ọ̀rá, omi yẹn á padà wọ inú búrẹ́dì.

Àdùkẹ́_Lugbe
Mo ti rà á, mo ti dì í báyìí. Èyí tí a máa jẹ lọ́la àti ọ̀túnla wà nínú ike Alhaja pẹ̀lú aṣọ, ìyókù ti wọ fìríísà. Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á máa bù sí i fún yín.

Tọ́ba_Mararaba
Èmi náà dúpẹ́ o. Ní ti pípín tí àǹtí Ṣadé sọ, ṣé ẹnikẹ́ni wà ní ìtòsí mi tó ń jẹ wíìtì? Mo máa ń kọjá ilé búrẹ́dì nírọ̀lẹ́ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè.

Ìyá_Fẹ́mi
Tọ́ba, One Man Village ni mo wà, èmi àti ọmọ kan péré la wà nílé. Mo lè mú ààbọ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Má jẹ́ kí wọ́n gé e o, kó o sì jẹ́ kó tutù kó o tó so ọ̀rá ẹ̀. Kọ sí inbox mi.